Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Oúnjẹ, Béárì àti Ààbò Ẹni tí ó Pàgọ́ sínú Igbó ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

1. Ìfáàrà

Kò sí béárì ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sí i nínú igbó kankan ní Áfíríkà lónìí. Ọdẹ Yorùbá kì í kì í nínú ìjálá bí ó ti ń ki ẹkùn, erin àti ẹfọ̀n. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti kọ́kọ́ bá orúkọ rẹ̀ pàdé, níbi tí abo béárì méjì ti jáde láti inú igbó ní ayé wòlíì Èlíṣà. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá dárúkọ ẹranko yìí, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni apanijẹ tí ń wá ènìyàn kiri.

Èrò yìí kò bá ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí mu. Béárì kì í sábà wá ènìyàn. Oúnjẹ ni ó ń wá. Kókó tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé oúnjẹ tí ènìyàn kò tọ́jú dáadáa ni gbòǹgbò púpọ̀ nínú ìjàm̀bá tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin béárì àti àwọn tí ó pàgọ́ sínú igbó, àti pé béárì fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń fi ẹ̀mí dí i ní ìgbẹ̀yìn. Nítorí náà, òfin ìtọ́jú oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni, fún ènìyàn àti fún ẹranko.

Àgọ́ tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe àgọ́ ọdẹ tàbí ahéré àgbẹ̀. Ọ̀nà ìgbafẹ́ ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ènìyàn yóò di àgọ́ aláṣọ, àpò ìsùn, ìkòkò àti oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, yóò sì lọ sùn sínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ dá sí fún ẹranko àti fún ìran tí ń bọ̀, irú èyí tí ìjọba Nàìjíríà ní sí Ọ̀yọ́-Ilé. Igbó àbò ni iṣẹ́ yìí yóò máa pe irú ibẹ̀, yóò sì máa pe ẹni tí ó lọ sùn níbẹ̀ ní olùpàgọ́.

2. Béárì àti Ikùn Rẹ̀

Oríṣi béárì méjì ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni béárì dúdú, tí ó wà káàkiri ọ̀pọ̀ igbó Amẹ́ríkà àti Kánádà. Dúdú ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àwọ̀ òmíràn nínú wọn pọ́n bí erùpẹ̀. Ó mọ igi gùn púpọ̀. Èkejì ni gírísìlì, tí ó tóbi ju béárì dúdú lọ, tí ó sì ní iké láàrin èjìká méjèèjì. Ìpínlẹ̀ Montana, Wyoming àti Alaska, àti ìwọ̀-oòrùn Kánádà, wà lára ibi tí gírísìlì ń gbé.

Ohun tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni ọ̀ràn ikùn. Béárì kì í ṣe ajẹran nìkan bíi kìnnìún. Kò sí ohun tí kì í jẹ: ewéko tútù, èso igi, gbòǹgbò, èèrà, kòkòrò, ẹja, òkú ẹran, àti ọmọ ẹran tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé tí yìnyín sì bo ilẹ̀, yóò wọ inú ihò lọ, yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìjẹ láìmu. Ọ̀rá tí ó ti kó sára ni ara rẹ̀ yóò máa jẹ ní gbogbo àkókò yìí.

Èyí ni ó fà á tí béárì fi ń jẹun bí ẹni tí ọjọ́ ń lé ní ìgbà ìwọ́wé, ìyẹn àkókò tí ó ṣáájú òtútù. Béárì dúdú kan lè jẹ oúnjẹ tí ó tó 20,000 kálórì lóòjọ́ ní àkókò náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ènìyàn kò nílò ju 2,000 sí 3,000 lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí pàápàá wà nínú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni akọ àti abo máa ń pàdé, ṣùgbọ́n oyún kì í dúró sínú ilé-ọmọ títí di ìgbà ìwọ́wé. Bí ọ̀rá ara abo náà kò bá tó, oyún náà kò ní dúró rárá. Ẹranko tí ìran rẹ̀ so mọ́ ikùn rẹ̀ báyìí kò lè fojú kékeré wo oúnjẹ níbikíbi tí ó bá ti rí i.

Imú béárì sì mú gidigidi; láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń gbọ́ òórùn oúnjẹ. Kí ó tó rí oúnjẹ tí ó pọ̀ nínú èso wẹ́wẹ́ inú igbó, yóò lo ọ̀pọ̀ wákàtí láti ibi igi kan dé èkejì. Nínú àpò olùpàgọ́ kan, ẹ̀pà lílọ̀, ṣúgà, wàràkàṣì àti ẹran gbígbẹ wà lójú kan náà. Béárì tí ó bá rí irú àpò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Ó ní iyè inú, ó sì mọ bí a ti ń padà sí ibi tí ó ti jẹun. Bí ó bá jẹ́ abo tí ó ní ọmọ lẹ́yìn, àwọn ọmọ náà yóò kọ́ ọ lára ìyá wọn.

3. Bí Oúnjẹ Ènìyàn Ṣe Di Bárakú

Ní ọdún 1872 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá igbó àbò Yellowstone sílẹ̀. Bí àwọn arìnrìn-àjò ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtura ń pọ̀ sí i nínú igbó náà, wọ́n sì ń da àjẹkù oúnjẹ sí ààtàn nítòsí. Kò pẹ́ tí béárì fi sọ ààtàn di ọjà tí wọ́n ń ná lálaalẹ́. Dípò kí àwọn aláṣẹ dá èyí dúró, wọ́n sọ ọ́ di ìran wíwò. Ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Otter Creek, wọ́n to ìjókòó fún àwọn òǹwòran, ẹ̀ṣọ́ igbó a sì máa ṣàlàyé ìṣesí béárì fún wọn bí àwọn ẹranko náà ti ń jà sí àjẹkù oúnjẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ni irú ìran yìí tó dópin.

Síbẹ̀, béárì kò dẹ́kun láti máa tọrọ jẹ létí títì. Òfin kò fi àyè gba bíbọ́ béárì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò mú un le. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò tò gbọọrọ, ọwọ́ ọmọdé yóò yọ láti ojú fèrèsé pẹ̀lú búrẹ́dì, bàbá yóò máa ya fọ́tò. Ní ọdún 1958, eré àwòrán tí Yogi Bear wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ béárì inú eré náà ni kí ó máa jí agbọ̀n oúnjẹ àwọn arìnrìn-àjò, ó sì ń pa ọmọdé àti àgbà lẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ kò pani lẹ́rìn-ín. Àkọsílẹ̀ Yellowstone fi hàn pé láti ọdún 1931 sí 1969, béárì ń ṣe ènìyàn bí i 48 léṣe lọ́dọọdún, tí a bá pín in dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ba ọkọ̀, àgọ́ àti ẹrù jẹ́ ní ìgbà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Béárì tí ó bá sì ti ṣe ènìyàn léṣe, ìbọn ni ó sábà máa ń kẹ́yìn rẹ̀.

Stephen Herrero, onímọ̀ ará Kánádà tí ó tẹ ìwé kan jáde lórí ìkọlù béárì ní ọdún 1985, ṣe ìyàtọ̀ kan tí ó wúlò púpọ̀ fún àgbéyẹ̀wò yìí. Ó ya béárì tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára béárì tí oúnjẹ ènìyàn ti di bárakú fún. Èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ ènìyàn kò bẹ̀rù mọ́, ṣùgbọ́n ó lè máa jẹ koríko rẹ̀ lọ létí ọ̀nà láìwo ẹnikẹ́ni. Èyí tí oúnjẹ ènìyàn ti di bárakú fún ti mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá wà ni oúnjẹ wà. Nígbà tí ìwà méjèèjì bá pàdé lára ẹranko kan, tí kò bẹ̀rù ènìyàn tí ó sì ń wá oúnjẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, ewu ńlá ti dé. Ẹranko bẹ́ẹ̀ yóò wọ àgọ́ lóru, kò sì ní ka ẹni tí ó sùn sínú rẹ̀ sí nǹkan kan.

4. Òru Kan ní Ọdún 1967

Igbó àbò Glacier, ní ìpínlẹ̀ Montana, ni ẹ̀kọ́ yìí ti kọ́kọ́ han gbogbo ènìyàn kedere. Láti ọdún 1910 tí wọ́n ti dá igbó náà sílẹ̀, béárì kò tí ì pa ènìyàn kan níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù Ògún ọdún 1967, gírísìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa ọ̀dọ́mọbìnrin méjì ní ibi méjì tí ó jìnnà sí ara wọn. Ọmọ ọdún 19 ni àwọn méjèèjì, inú àpò ìsùn wọn ni wọ́n sì wà nígbà tí béárì dé.

Àwọn kan kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ sí ojú ọ̀run, nítorí pé àrá ń sán púpọ̀ ní àkókò náà, iná sì ń jó nínú igbó. Nígbà tí ìwádìí jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó jáde. Ní ibi àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Granite Park, ilé ìtura kan wà tí ó ń da àjẹkù oúnjẹ sẹ́yìn ilé, tí àwọn àlejò a sì máa jókòó wo gírísìlì tí ń wá jẹ ẹ́ lálaalẹ́. Ní ibi kejì, ní etí adágún Trout, gírísìlì kan ti ń yọ àwọn olùpàgọ́ lẹ́nu ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, ó ń kó oúnjẹ wọn lọ, kò sì sí ẹni tí ó dá a lẹ́kun. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu ní Glacier kí òru náà tó dé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó pa gírísìlì tí wọ́n fura sí. Lẹ́yìn èyí ni òfin yípadà: ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ wọ inú igbó gbọ́dọ̀ gbé ìdọ̀tí rẹ̀ jáde, a kò sì fi àyè gba fífi àjẹkù oúnjẹ pe béárì wá fún ìran wíwò mọ́.

5. Àríyànjiyàn Lórí Títi Ààtàn Pa

Ìṣẹ̀lẹ̀ Glacier mú kí National Park Service, àjọ tí ń ṣàkóso gbogbo igbó àbò ìjọba àpapọ̀, pinnu pé ààtàn Yellowstone gbọ́dọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ibí yìí ni àríyànjiyàn ńlá ti bẹ́ sílẹ̀. Láti ọdún 1959 ni àwọn ìbejì méjì, Frank àti John Craighead, ti ń ṣe ìwádìí lórí gírísìlì Yellowstone. Àwọn ni ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rédíò sí béárì lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí ó ń lọ. Wọ́n gbà pé ààtàn kò dára títí ayé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìdí wọn ni pé ìran béárì tí a ti fi ààtàn tọ́ kò lè kọ́ bí a ti ń wá oúnjẹ inú igbó ní ọjọ́ kan. Bí a bá ti ààtàn pa lójijì, àgọ́ àwọn olùpàgọ́ ni wọn yóò yà sí.

Àwọn aláṣẹ igbó náà rò ó lọ́nà mìíràn. Lójú tiwọn, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ààtàn bá fi wà ni a fi ń tọ́ ọmọ béárì tuntun sínú bárakú kan náà. Wọ́n yára ti àwọn ààtàn náà pa, wọ́n sì ti ìkan nínú èyí tí ó tóbi jù, ààtàn Trout Creek, ní ọdún 1970.

Ohun tí ó tẹ̀lé e korò. Ọ̀pọ̀ gírísìlì rìn wọ àgọ́ àti ìlú tí ó wà ní àyíká, wọ́n sì ń pa wọ́n tàbí kó wọn lọ. Ní ọdún 1972, gírísìlì kan pa ọ̀dọ́kùnrin kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàgọ́ sí ibi tí òfin kò gbà nítòsí Old Faithful, tí wọ́n sì fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú àgọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1975, gírísìlì ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹranko tí ìran wọn wà nínú ewu. Iye tí wọ́n rò pé ó kù ní àgbègbè Yellowstone kò tó 200.

Ó rọrùn láti dá ẹjọ́ yìí fún apá kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbè sẹ́yìn apá kan ṣoṣo. Àwọn Craighead rí i tẹ́lẹ̀ pé ikú yóò pọ̀. Ó sì pọ̀. Àwọn aláṣẹ rí i tẹ́lẹ̀ pé ìran béárì tí kò mọ ààtàn yóò padà sí oúnjẹ inú igbó. Wọ́n sì padà sí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gírísìlì tún ń jẹ hóró igi páìnì, gbòǹgbò, labalábá òru orí òkè, ẹja àti ọmọ ìgalà ńlá. Iye wọn ní àgbègbè náà ti lé ní 700 lónìí, ìpalára tí béárì ń ṣe fún ènìyàn nínú Yellowstone sì ti lọ sílẹ̀ láti 48 lọ́dún sí bí i ẹyọ kan. Ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì ti kò ni ó ṣe pàtàkì jù: oúnjẹ ènìyàn ni ó dá wàhálà náà sílẹ̀, béárì ni ó sì san gbèsè rẹ̀.

6. Yosemite: Ọkọ̀, Àpótí Irin àti Àgbá

Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ gírísìlì nìkan ni èyí. Ìtàn igbó àbò Yosemite ní ìpínlẹ̀ California fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Béárì dúdú nìkan ni ó wà níbẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí olè tí ó gbọ́n tó o. Ó ń fi èékánná fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá sílẹ̀ nítorí bisikíìtì kan tí ó wà lábẹ́ ìjókòó. Ní ọdún 1998 nìkan, àkọsílẹ̀ wàhálà béárì ní Yosemite lé ní 1,500, owó ohun tí ó bàjẹ́ sì lé ní 600,000 dọ́là.

Láti ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya owó sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé àpótí irin tí béárì kò lè ṣí sí àwọn ibi ìpàgọ́, wọ́n ka fífi oúnjẹ sínú ọkọ̀ lóru léèwọ̀, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá rú òfin. Wàhálà béárì dín kù ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀rí mìíràn wá láti ara irun àti egungun béárì, tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò láti mọ ohun tí béárì Yosemite ti ń jẹ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún 1999, ìwọ̀n oúnjẹ ènìyàn nínú ohun tí béárì ń jẹ lọ sílẹ̀ títí ó fi súnmọ́ bí ó ti wà ní nǹkan bí ọdún 1915 sí 1919. Béárì kò yí ìwà padà nítorí pé ó ronú pìwà dà. Ènìyàn ni ó ti ilẹ̀kùn.

Fún ẹni tí ó rìn jìnnà sí ibi tí àpótí irin wà, àgbá kékeré oníke líle tàbí onírin ni ó gbọ́dọ̀ gbé sẹ́yìn. Ó máa ń wúwo tó bí i kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán, ó sì rí róbótó, tí eyín béárì kò fi rí ibi mú. Ìdérí rẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn tàbí owó ẹyọ kan kí ó tó ṣí. Síbẹ̀, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí kò ní àbùkù. Ní òkè Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York, abo béárì dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Yellow-Yellow, nítorí àmì aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, kọ́ bí a ti ń ṣí irú àgbá kan. Àwọn tí ó ṣe é tún un ṣe, béárì náà tún ṣí i. Ọdẹ kan pa á ní ọdún 2012. Ìtàn yìí kọ́ni pé àgbá kì í ṣe oògùn. Ó yẹ kí ènìyàn fi í sí ibi tí ó jìnnà sí àgọ́, kí ó má sì fi tìtorí rẹ̀ ṣe àìbìkítà.

7. Ìlànà Ìtọ́jú Oúnjẹ àti Ìdí Rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ìtumọ̀ oúnjẹ. Lójú òfin igbó àbò, ohunkóhun tí ó bá ní òórùn ni oúnjẹ: ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọyín, ìpara, oògùn, ìdọ̀tí, ìkòkò tí a kò fọ̀, àti oúnjẹ ajá. Imú béárì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe imú ènìyàn. Yorùbá tí ń gbé Amẹ́ríkà, tí ó bá di irú, ẹja gbígbẹ tàbí epo pupa mọ́ ẹrù rẹ̀, yẹ kí ó mọ̀ pé inú àgbá ni ààyè wọn wà. Òórùn irú kì í pamọ́ nínú ọ̀rá.

Èkejì ni àyè. Ibi mẹ́ta ni olùpàgọ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: ibi ìsùn, ibi ìdáná, àti ibi ìtọ́jú oúnjẹ. Ní ilẹ̀ gírísìlì, ó yẹ kí ibi ìsùn jìnnà sí méjì yòókù tó 100 yáàdì, èyí tí ó jẹ́ bí i 90 mítà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí béárì bá tẹ̀lé òórùn lóru, ibi tí òórùn náà yóò gbé e dé kò ní jẹ́ ibi tí ènìyàn sùn sí. Aṣọ tí ènìyàn fi dáná kò yẹ ní ibi ìsùn.

Ẹ̀kẹta ni gbígbé oúnjẹ kọ́. Níbi tí òfin bá ti gbà á, bíi Yellowstone, àpò oúnjẹ gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ó sì jìnnà sí ara igi tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Àgbẹ̀ tí ó gbé àgbàdo sí àká lórí òpó mọ ìtumọ̀ èyí, ṣùgbọ́n eku ni ó ń ṣọ́. Béárì dúdú mọ̀ pé okùn ni ó gbé àpò ró, yóò sì já okùn. Bí ẹ̀ka kò bá lè gbé ìyá, yóò gbé ọmọ. Nítorí èyí ni wọ́n fi ka gbígbé oúnjẹ kọ́ léèwọ̀ ní Yosemite, tí àgbá sì di dandan nínú igbó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àjẹkù. Rírì í mọ́lẹ̀ kò wúlò, nítorí béárì ń fi èékánná wa gbòǹgbò jẹ. Jíjó o nínú iná kì í sábà jó o tán. Ohun tí ó tọ́ ni kí olùpàgọ́ se ìwọ̀n tí yóò jẹ tán, kí ó sì gbé ìyókù jáde nínú igbó.

8. Bí Béárì Bá Dé

Ẹni tí ó pa gbogbo ìlànà wọ̀nyí mọ́ ṣì lè pàdé béárì. Kí ó má sáré, nítorí béárì yára ju ènìyàn lọ, eré sísá sì lè mú kí ó lépa. Kí ó dúró, kí ó rọra máa fà sẹ́yìn. Bí gírísìlì bá kọluni nítorí pé a bá a lójijì tàbí nítorí ọmọ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ní kí ènìyàn dojúbolẹ̀, kí ó fi ọwọ́ bo ọrùn, kí ó má mira. Ṣùgbọ́n bí béárì dúdú bá kọluni, tàbí bí béárì èyíkéyìí bá wọ àgọ́ wá bá ẹni tí ó sùn, ìjà ni kí ó bá a jà pẹ̀lú ohunkóhun tí ọwọ́ bá bà. Béárì tí ó wọ àgọ́ lóru kì í ṣe èyí tí ń gbèjà ara rẹ̀.

Ohun èlò tí a mọ̀ jù fún irú àkókò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: ata ni. Èròjà tí ń mú kí ata ta ni wọ́n rọ sínú agolo tí a ń fọ́n sí béárì lójú àti nímú nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ara ìbàdí ni ó gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àpò. Àwọn kan ti ṣì í lò, wọ́n fọ́n ọn sára àgọ́ bí ẹni fọ́n oògùn ẹ̀fọn. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí òórùn ata tí ó gbẹ sára nǹkan lè fa béárì wá tọ́ ọ wò. Yosemite kò tilẹ̀ gbà kí ènìyàn gbé e wọlé, nítorí náà ó yẹ kí olùpàgọ́ mọ òfin ibi tí ó ń lọ.

9. Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Wọ́n sọ ọ́ láti kìlọ̀ fún ẹni tí ikùn rẹ̀ ń darí. Nínú ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò, ọ̀fun béárì ni ó gbé e lọ sí ọ̀run, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó la ọ̀nà náà. Ààtàn Yellowstone, ẹ̀yìnkùlé ilé ìtura Glacier àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Yosemite sọ ohun kan náà: ibi tí ènìyàn bá ti ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹranko kò ní jìnnà, ìyípadà sì dé nígbà tí ènìyàn yí ìwà tirẹ̀ padà.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ẹni tí ó fi oúnjẹ sílẹ̀ níta àgọ́ lálẹ́ òní lè má rí béárì kankan. Yóò jí ní àárọ̀, yóò rí àpò tí ó ya, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì máa lọ sí ilé. Béárì náà yóò padà wá. Ẹlòmíràn ni yóò bá níbẹ̀, bóyá ọmọ ọdún 19 tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ti ìdérí àgbá rẹ̀ pa lálẹ́ kì í ṣe ààbò ara rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe. Ó ń ṣọ́ ẹni tí yóò sùn sí ojú kan náà lọ́la, ó sì ń ṣọ́ ẹranko tí kò mọ̀ pé oúnjẹ tí òun ń wá lè jẹ́ ikú òun.